Kí ló dé tí Unilorin kì í daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà? Ìtàn àwọn olùkọ́ 49

1/ Bí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde báyìí, ìbéèrè kan ló máa ń kún abẹ́ fídíò mi: "Àǹtí, yunifásítì wo ni kì í daṣẹ́ sílẹ̀?" Kí n tó ráyè dáhùn, ẹlòmíì á ti dáhùn: "Unilorin ni." Fún nǹkan bí ogún ọdún, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń béèrè ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Olùkọ́ 49 ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fìdí kalẹ̀, ó gùn díẹ̀. 🧵

2/ Unilorin ni mo ti jáde o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá bú ilé ìwé mi. Mo wọlé ní 2015, mo jáde ní 2019. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin gééré ni mo fi ṣe é. Ní Nàìjíríà tiwa yìí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nǹkan tí wọ́n ń jẹ́rìí sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

3/ Màámi ló yan ilé ìwé náà fún mi. Ní 2013, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje títí wọ oṣù Kejìlá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní yunifásítì mìíràn nígbà náà. Ilé ló jókòó sí, nígbà tó sú u, ó lọ ń kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ní òpópónà wa. Ọmọ aládùúgbò wa tó wà ní Unilorin ń ṣe ìdánwò tiẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Màámi wo àwọn méjèèjì, ó yíjú sí mi, ó ní: "Ìwọ, Ìlọrin lò ń lọ." Ọ̀rọ̀ parí.

4/ Mi ò bá màámi jiyàn rárá. Òbí tó ń ta ọjà kó lè san owó ilé ìwé, ohun tó ń wá ni kí ọmọ wọlé, kó jáde, kó ṣe àgùnbánirọ̀, kó wáṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò lónìí ni iye tí ìfọ̀kànbalẹ̀ tí a rí gbà yẹn ná àwọn kan. Torí ẹnìkan ló san án, kì í ṣe àwa.

5/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975 ni ìjọba ológun dá ilé ìwé náà sílẹ̀. Kì í ṣe yunifásítì pátá nígbà yẹn o, kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni. (Ìbàdàn náà ti wà lábẹ́ Yunifásítì London rí, láti 1948 sí 1962. Kálukú ló ní ẹni tó tọ́ ọ dàgbà.) Oṣù Kẹwàá 1976 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé, wọn ò ju 200 lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 1977, Unilorin ti dá dúró láyè ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, oníṣègùn ńlá nì, ni gíwá àkọ́kọ́.

6/ Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sápò, a máa padà bọ̀ sórí rẹ̀: òfin ló dá yunifásítì yìí sílẹ̀. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹnìkan. Òfin tó dá a sílẹ̀ náà ló sọ bí wọ́n ṣe ń gba olùkọ́ síṣẹ́, òun náà ló sì sọ ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè yọ ọ́.

7/ Ó di ọdún 2001. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọdún méjì, Obasanjo wà ní Abuja. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò lè ṣàjèjì sí yín: kí ìjọba náwó sórí yunifásítì, kí owó oṣù olùkọ́ dára, kí wọ́n sì jẹ́ kí yunifásítì máa ṣàkóso ara rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, ṣé ọ̀rọ̀ 2001 nìyí àbí ti àná?

8/ Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Unilorin náà bá ẹgbẹ́ wọn lọ. Nígbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, yunifásítì ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ 49 nínú wọn. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn ló pa gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀kan lára wọn ni Taiwo Oloruntoba-Oju, olùkọ́ lítíréṣọ̀. Ẹ di orúkọ yẹn mú. Títí dòní, bí ẹ bá dé àárín àwọn olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ kàn pe "Ilorin 49" báyìí, wọn ò ní béèrè pé kí lẹ ń sọ.

9/ Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tí wọ́n bá lé e, báńkì tó wà lódìkejì títì lè gbà á. Ti olùkọ́ yunifásítì yàtọ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wádìí ohun kan ṣoṣo, ibo ló fẹ́ gbé e lọ? Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wà ní yàrá tí wọn ò jẹ́ kó wọ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọ́ sọ́nà láti gboyè wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Owó oṣù dúró, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ kò dúró. Bí ọjọ́ bá sì ti ń gorí ọjọ́, ìmọ̀ rẹ̀ ń di ti àtijọ́.

10/ Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2001, ìjọba àti ASUU tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí, àwọn olùkọ́ padà sí kíláàsì káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn 49 ṣì wà níta. ASUU wá fi ọ̀rọ̀ wọn kún àwọn ohun tó ń bá ìjọba fà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìjọba ń yí, mínísítà ń yí, gíwá náà yí. Àwọn 49 wà níbi tí wọ́n wà.

11/ Ni wọ́n bá gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Ìlọrin dá wọn láre. Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu wọn tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi yí ìdájọ́ náà padà ní 2006. Ẹ fojú inú wo ọjọ́ yẹn. Ọdún márùn-ún láìní iṣẹ́, o borí, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ rẹ. Èmi ì bá ti lọ tajà ní tèmi. Wọ́n gbéra, ó di ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Abuja.

12/ Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2009 (bẹ́ẹ̀ ni, June 12 gan-an), ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ láre. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ó dá àwọn 44 tó kù láre. Kí wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì san owó wọn fún wọn.

13/ Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2001, JSS 3 ló wà lọ́jọ́ tí ẹjọ́ yẹn parí. Ọdún mẹ́jọ ààbọ̀. Wọ́n lè san owó oṣù tó ti kọjá fún èèyàn, àmọ́ ìwé tí èèyàn ì bá ti kọ láàárín ọdún mẹ́jọ, ta ló fẹ́ dá ìyẹn padà?

14/ Kí ni àwọn adájọ́ rí tí wọ́n fi dá wọn láre? Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sápò. Abala 15 nínú òfin Yunifásítì Ìlọrin sọ pé kí wọ́n tó yọ olùkọ́ nítorí ìwà tàbí iṣẹ́ rẹ̀, ìgbìmọ̀ alákòóso gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án fún un. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láyè kó sọ tẹnu rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn alákòóso àti Sẹ́néètì sì lè jókòó wádìí rẹ̀. Wọn ò tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Gbogbo rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

15/ Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ lédè òfin náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó gba àwọn olùkọ́ yẹn ní ọdún mẹ́jọ àti ilé ẹjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

16/ Ibi tó wú mi lórí jù nìyí. Òfin tí àwọn 49 fi borí, wọn kọ́ ló kọ́kọ́ jà fún un. Ní 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ kan tí Olaniyan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe Yunifásítì Èkó. Yunifásítì ní òun ti fún wọn ní ìwé pé òun kò fẹ́ iṣẹ́ wọn mọ́, pé ìyẹn náà ti tó. Àwọn adájọ́ ní rárá o. Òṣìṣẹ́ tí òfin dáàbò bò kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ ń lé nígbà tó bá wù ú. Àwọn ará Èkó jà ní tiwọn, àwọn ará Ìlọrin wá rí nǹkan gbá mú nígbà tó yá.

17/ Kí ẹ sì wá mọ̀ pé lílé olùkọ́ kò bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Ní 1978, ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ láti 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́ sí náírà kan ààbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, "Ali Must Go" ni wọ́n ń kọrin rẹ̀, torí Ali ni orúkọ ẹni tó ń ṣàkóso ètò ẹ̀kọ́. Ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ kú. Nígbà tí wọ́n parí ìwádìí, wọ́n yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ade Ajayi, òpìtàn ńlá, nípò gíwá ní Unilag. Ní Ìbàdàn, wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn bíi Ola Oni, Bade Onimode àti Omafume Onoge.

18/ Láàárín 1980 sí 1990 náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan wà tó gbòde nígbà ìjọba ológun: wọ́n ní àwọn olùkọ́ kan ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí ìjọba kò sanwó fún wọn láti kọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bíi pé ìmọ̀ jẹ́ ìrẹsì tí èèyàn ń wọ̀n ní kóńgò, pé ibi tí owó rẹ̀ mọ ni kí o dúró. Ní 1987, wọ́n lé Festus Iyayi kúrò ní Yunifásítì Benin nígbà tó jẹ́ ààrẹ ASUU. Ní 1988, ìwé rẹ̀, Heroes, gba ẹ̀bùn Commonwealth fún àwọn òǹkọ̀wé. Ọdún yẹn náà ni ìjọba fòfin de ASUU.

19/ Iyayi padà sí Benin nígbà tó yá, ó ń kọ́ni lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 2013, ó wà lójú ọ̀nà Kano, ìpàdé ASUU ló ń lọ, nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa á nítòsí Lọ́kọ́jà. Ọkọ̀ kan lára àwọn tó ń tẹ̀ lé gómìnà Kogi ló kọlu tiwọn. 2013 yẹn o. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ nílé wa náà nìyẹn. Èmi ti mọ̀ ọ́n sí ọ̀rọ̀ ilé wa nìkan, ọ̀fọ̀ ńlá wà lápá kejì rẹ̀.

20/ Wọ́n máa ń pe ohun tí àwọn wọ̀nyí jà fún ní òmìnira ẹ̀kọ́. Ó dún bí ọ̀rọ̀ inú ìwé, àbí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú mi. Olùkọ́ kan yẹ omi ìlú wò, ó rí i pé kò dára. Òmíì ṣe ìṣirò ètò ìnáwó ìpínlẹ̀, ó rí i pé kò pé. Ẹnìkẹta ń kọ́ yín ní ìtàn ìjọba tó ṣì wà lórí àléfà. Ṣé wọ́n lè là á mọ́lẹ̀ ní kíláàsì, kí wọ́n kọ ọ́ síwèé, kí ilẹ̀ mọ́, kí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyẹn ni òmìnira ẹ̀kọ́.

21/ "Àmọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńkọ́? Kí ló kan òmìnira ẹ̀kọ́?" Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Olùkọ́ kan ṣoṣo rọrùn láti já bí ewé. Ẹgbẹ́ ni ọgbà tó yí wọn ká. Bí wọ́n bá lè lé èèyàn 49 lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé wọ́n wà nínú ẹgbẹ́, ta ló tún fẹ́ dá nìkan dìde láti sọ̀rọ̀ omi tàbí ètò ìnáwó? Ẹni tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ará ilé kejì kò nílò kí wọ́n tún kọ lẹ́tà sí òun náà.

22/ Lẹ́yìn 2001, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn yunifásítì mìíràn ń tì pa tí kíláàsì sì ń lọ ní Ìlọrin. Ilé ìwé wa wá di ààyò àwọn òbí. Orúkọ rẹ̀ wà lókè lára àwọn tí àwọn ọmọ ń yàn nínú JAMB. Mi ò ní parọ́, mo jẹ nínú rẹ̀, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti ilé tí ara tù. Èkejì ni ti ilé tí wọ́n ti na ọmọ kan níṣojú àwọn tó kù. Lójú fèrèsé, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ.

23/ Ẹ má gbọ́ mi lódì o. Mi ò sọ pé ojo ni gbogbo ẹni tó ń kọ́ni nígbà tí àwọn yòókù wà nílé. Olùkọ́ wà tó gbà tọkàntọkàn pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára, pé ọ̀nà mìíràn ló yẹ. Òmìnira tiwọn náà nìyẹn, kí ẹgbẹ́ má fipá mú wọn. Àmọ́ "mi ò ṣe" kò níyì àfi bí èèyàn bá lè ṣe é tí ó bá fẹ́. Bí ìyà bá ti wà fún ọ̀kan nínú méjèèjì, yíyàn ti tán nìyẹn.

24/ Ní oṣù Kejì 2022, ASUU tún daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́jọ ló gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, Unilorin náà wà níbẹ̀. Ẹ bá wo ojú màámi lọ́jọ́ tó gbọ́: "Ìlọrin?! Ìlọrin wo?" 😭 Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ohun eré. Àwọn ọmọ ń dàgbà nílé, ọ̀pọ̀ kò padà mọ́. Ẹni tó bá ní ìdaṣẹ́sílẹ̀ kì í pa akẹ́kọ̀ọ́ lára, kò bá wa gbé. Mo lè bínú sí ASUU kí n sì gbà pé kò tọ́ kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni nítorí pé ó wà nínú rẹ̀. Ikùn mi gba méjèèjì.

25/ Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé ìwé, ibi tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n rèé. Ní 1983, wàhálà ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri, wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọ̀kan lára àwọn tí wàhálà náà kàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí wọn! Garba àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní 1986, wọ́n borí. Àwọn adájọ́ ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè jókòó dájọ́ rẹ̀, àti pé ẹ̀sùn ọ̀daràn, ilé ẹjọ́ ló ni ín.

26/ Nítorí náà, bí wọ́n bá fún ọ ní lẹ́tà pé kí o wá jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ lọ́la, o lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn ọ́, o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu rẹ, o sì lẹ́tọ̀ọ́ sí adájọ́ tí kò bá ọ ní nǹkan nínú. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ló lọ gbà á wá láti ilé ẹjọ́. Òfin tó dá yunifásítì rẹ sílẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kúrú ju àwọn fídíò tí ẹ ń wò ní òru lọ. Ẹ kà á kí wàhálà tó dé, torí ọjọ́ tí wàhálà bá dé, ojú kì í ríran ka nǹkan.

27/ Ẹ rántí orúkọ tí mo ní kí ẹ dì mú? Ẹjọ́ àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ wà nínú ìwé òfin wa pẹ̀lú orúkọ rẹ̀: Oloruntoba-Oju àti AbdulRaheem, 2009. Orúkọ kejì ni ti gíwá ìgbà náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ òfin bá ń kàwé lórí bí wọ́n ṣe ń yọ òṣìṣẹ́ tí òfin dáàbò bò, ẹjọ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n máa tọ́ka sí fún un. Ó gbaṣẹ́ rẹ̀ padà, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà gba tiwọn. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́yìn wọn, tí wọn ò mọ̀ wọ́n rí rárá, abẹ́ ìbòòji rẹ̀ ni wọ́n wà.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ Unilorin kan. 🤍